Omi Tí Ìyá Rẹ̀ Dà Sílẹ̀

Òórùn iṣu tí wọ́n sá sórí àpáta ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń mú mi padà sí Manigri. Òórùn yẹn gba gbogbo agbo ilé wa kan ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso wa. Èmi nìkan ni mo kàwé nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàálé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti sọ pé ìwé kò wúlò fún ọmọbìnrin.

Ọmọ bàálé yìí ló fipá bá àbúrò mi obìnrin lò pọ̀ ní ọ̀nà oko. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ ní Bassila. Kò tíì lo mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fi tẹ̀ka sí ìwé pé gbogbo ẹbí ti dárí jì í, kí wọ́n dá a sílẹ̀ fún wa. Kò bi obìnrin kankan léèrè. Nígbà tí èsì dé, ẹ wo àṣìṣe àgbàlagbà: èmi ló pè kí n wá kà á fún òun. Kòmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso Bassila, kọ ọ́ pé òun fúnra òun yóò mú ẹlẹ́wọ̀n náà wá, kí òun fi ojú ara òun rí bí ẹbí ṣe máa gbà á, kí òun tó fọwọ́ sí i. Mo kà á, mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàálé láìfo ọ̀rọ̀ kan. Nírọ̀lẹ́, mo tún sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìyá ilé létí odò. Ìyá ẹlẹ́wọ̀n náà wà níbẹ̀, ó ń fọ igbá. Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti gbọ́ pé wọ́n lè mú un padà wá, kò dá lọ sóko mọ́, àfi kí n tẹ̀lé e.

Ọjọ́ pé. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ kí ó tó mu omi. Ẹni tí a kò bá fún lómi, a kò gbà á sílé nìyẹn. Ìyá ẹlẹ́wọ̀n ló gbé omi jáde. Mo rò pé yóò fún ọmọ rẹ̀ mu, torí ìyá ni ìyá ń jẹ́. Ó fún kòmándà, ó fún ẹ̀ṣọ́ àti ògbufọ̀ tó bá a wá. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó bí. Ọmọ náà nawọ́. Ìyá dojú igbá kọlẹ̀, omi sì dà síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Lọ parí ọdún rẹ,” ló wí.

Kòmándà béèrè ohun tó dé. Bàálé ní kí ògbufọ̀ sọ fún un pé arúgbó ni, ọwọ́ ló gbọ̀n. Mo bọ́ síwájú, mo sọ ní Faransé pé ìyá ẹlẹ́wọ̀n ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n nígbà tó ń fún àwọn tó kù lómi. Kòmándà ká ìwé rẹ̀ padà sínú àpò láìfọwọ́ sí i, wọ́n sì mú ọkùnrin náà padà sí Bassila.

“Ta ló ní kí o dá sí ọ̀rọ̀ ìwé?” ni bàálé bi mí.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n wá kà á.”

Ìyá yẹn wọlé, ó sunkún títí; n kò ní purọ́ fún yín. Bàálé ti kú báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ṣì ń sọ pé èmi ni mo tú ilé, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ. Wọ́n rò pé ọkùnrin kan lè fi àtàǹpàkò rẹ̀ dárí jini lórúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Obìnrin tí kò mọ ìwé rárá ló fi yé wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n mú un padà sí Bassila, àbúrò mi gbé ọkọ́ lé èjìká, ó gba ọ̀nà oko. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. N kò tẹ̀lé e.