Fìtílà Tí Mo Sọ̀ Sínú Kànga Èédú

Òórùn ewé máńgò tó ti jẹrà nìkan ló ń jáde láti inú kànga gbígbẹ yẹn, lẹ́yìn abúlé Kamina. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé gbogbo ẹni tó gbọ́ ìtàn náà ló máa ń bi mí bóyá imú mi kò gbọ́ nǹkan kan. Kò gbọ́. Gáàsì inú èédú kò ní òórùn.

Kì í ṣe èédú tí àwọn obìnrin ń dì sínú àpò tà lẹ́bàá títì ní ìlú Glei ni mò ń wí. Èyí tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ ni. Obìnrin olùwádìí kan kó o wá láti Nàìjíríà nínú àwọn àgbá irin tí wọ́n dé pa. Ó ní inú ìlà tíntìntín ara èédú ni gáàsì ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí ẹrù ilẹ̀ bá ti kúrò lórí rẹ̀. Òun fẹ́ mọ bí ó ṣe ń yára tó. Kí ooru ọ̀sán má baà da ìwọ̀n rẹ̀ rú, a to àwọn àgbá náà sísàlẹ̀ kànga, a fi páànù bo ẹnu rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba etí páànù bọ́ sínú àwọn ìgò omi lábẹ́ igi máńgò. Bí gáàsì bá ń dé, omi inú ìgò á máa lọ sílẹ̀. Èmi àti bíríkìlà kan tó dàgbà jù mí lọ là ń ṣọ́ ọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà: iná kò gbọdọ̀ débẹ̀. Kò sí sìgá, kò sí àdògán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ìgò kan kò lọ sílẹ̀ mọ́. Olùwádìí náà sọ lórí fóònù pé ó lè jẹ́ pé rọ́bà ti yọ, kí a má fọwọ́ kan nǹkan kan títí òun yóò fi dé. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ti ń so okùn mọ́ ìbàdí.

"Ẹ dúró, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí fìtílà kọ́kọ́ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ agbẹ́kànga tó ń bẹ̀rù kànga." Ó lọ jókòó sórí gbòǹgbò máńgò, ó ní kí n pe òun bí mo bá parí àdúrà mi. Ẹ̀rín yẹn ló gbà á là.

Bàbá mi gbẹ́ kànga káàkiri Glei. Inú kànga tí kò ní afẹ́fẹ́ ni àbúrò wọn kú sí. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ kànga láìkọ́kọ́ sọ fìtílà kalẹ̀. Bí iná bá kú, ènìyàn yóò kú. Nítorí náà n kò ka fìtílà mọ́ iná tí wọ́n kà léèwọ̀. Irinṣẹ́ ni lójú mi, bí okùn àti korobá.

Mo tan fìtílà, mo gbé etí páànù sókè, mo sì sọ̀ ọ́ gba abẹ́ rẹ̀. Iná fìtílà kò kú. Ó nà, ó di àwọ̀ aró, ó bú gbàù, lẹ́yìn náà n kò rí nǹkan mọ́. Nígbà tí ojú mi là, mo wà nílẹ̀ gbalaja, bíríkìlà sì ń da omi àwọn ìgò yẹn sí mi lọ́wọ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Olùwádìí náà bá mi ní ilé ìwòsàn. Mo rò pé yóò bú mi. Ó bi mí ta ló kọ́ mi ní fìtílà, mo ní bàbá mi ni.

"Ohun tí wọ́n kọ́ yín kò burú," ló wí. "Kànga tiwọn kọ́ nìyẹn."

Ó ní gáàsì náà fúyẹ́, abẹ́ páànù ló kó jọ sí, níbi tí mo gbé fìtílà gbà gan-an.

Awọ ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì le. Àwọn ará Glei ṣì ń pè mí láti wá yẹ kànga wò, mo sì ń lọ, nítorí bàbá mi kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo sì máa ń bèèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni fìtílà mọ̀ ọ́n bi kànga. Àwọn ìbéèrè tó kù, èmi ni mo ní láti bi í. Bíríkìlà ṣì ń pè mí ní ọmọ agbẹ́kànga tó ń bẹ̀rù kànga. N kì í bá a jiyàn. N kò sọ fún un rí pé mo ti ń bẹ̀rù fìtílà pẹ̀lú.