Bàtà Bàbá Mi ní Ìdí Àpáta

Bàbá mi ti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní Snellville, ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ikú ìyá mi, kò sì tíì kó aṣọ kan ṣoṣo sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá fọ aṣọ rẹ̀ tán, yóò ká a, yóò dá a padà sínú àpótí tó gbé sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Yóò wá bi mí pé ìgbà wo ni n ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tóun máa fi padà sílé. Inú a máa bí mi gan-an. Èmi náà kúkú ń sunkún nínú mọ́tò bí mo bá ń ti ọsibítù bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bó bá padà sínú ilé ńlá tó ṣófo nílùú wa, a ò ní pẹ́ sin òun náà.

Dókítà ní kó máa rìn. Ibo lèèyàn ti fẹ́ máa rìn ní Snellville, níbi tá a ti ń wa mọ́tò lọ ra búrẹ́dì? Ó rìn yí àdúgbò wa po lẹ́ẹ̀kan, ó padà wálé, ó ní òun ò rí ẹnì kankan kí. Ìyẹn dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún mi nípa òkè àpáta kan tí kò jìnnà sí Decatur. Mo ní ká lọ gùn ún ní Sátidé.

“Ṣé wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀?”

“Rárá o, Dádì. Exercise ni. Àwọn èèyàn kàn ń gùn ún ni.”

“Ta ní ń gun òkè lásán?”

Síbẹ̀, ojú rẹ̀ là. Òkè àdúrà kan wà lẹ́yìn ìlú wa, tí òun àti ìyá mi máa ń lọ ní ìparí oṣù. Nígbà tí Sátidé fi máa mọ́, ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti di ike omi mú, ó sì ní inú ààwẹ̀ lòun wà. Mo bá a jà títí tó fi jẹ ẹyin kan, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò.

Nígbà tá a dé ìdí àpáta náà, ó bọ́ bàtà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ shoes yín. Nobody does that here.”

“Èmi kì í wọ bàtà gun òkè.”

Obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan, tó tó ẹgbẹ́ ìyá mi, ń bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí pé kí ló dé tí bàbá bọ́ bàtà. Ojú tì mí. Mo sáré dá a lóhùn pé ibi mímọ́ ni orí òkè jẹ́ sí bàbá mi, mo sì fa baba ọ̀hún lọ́wọ́ ká tètè máa lọ.

Àpáta náà ò ga púpọ̀, ó kàn tẹ́ lọ salalu ni, ewéko pupa wínníwínní sì hù sínú àwọn kòtò tómi òjò dúró sí. Mo ka pátákó kan tó wà lọ́nà fún un. Ó ní òkúta yìí ti yọ́ rí, pé ó hó lábẹ́ ilẹ̀ bíi ti inú òkè ayọnáyèéfín, àmọ́ kò rí ọ̀nà bú jáde. Abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ló tutù sí, òjò àti afẹ́fẹ́ wá ń gbá iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ lọ títí tó fi yọrí.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àpáta náà. “Irú tiwa ni,” ó ní. “Ìyá rẹ ì bá ti jókòó síbí.”

Kò tíì mẹ́nu ba ìyá mi látìgbà tó ti dé.

Lókè pátápátá, ó gbé ike omi rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó dúpẹ́ nítorí ìyá mi, ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì sunkún. Èmi náà bú sẹ́kún. Àwọn tó ń sáré kọjá yà fún wa. Mo ti ń retí ẹni tó máa bá wa wí, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń bá tiwọn lọ.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ ò dá wà mọ́. Bàtà méjì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti obìnrin kan àti ti ọkùnrin kan, wọ́n kàn bọ́ ọ jù síbẹ̀ ni. Mo wẹ̀yìn. Tọkọtaya yẹn ṣì ń gòkè lọ́ọ̀ọ́kán ní apá kejì àpáta náà, lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń tiro.

Bàbá mi wo bàtà náà pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó to tiwọn dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, kó tó wọ tirẹ̀. Kò mẹ́nu kan tíkẹ́ẹ̀tì títí a fi délé.

Nírọ̀lẹ́, mo ń bu ìrẹsì ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń pariwo.

“Ṣé kò sí hánga nínú ilé yìí ni? Méjì péré ni mo rí!”

Mo sáré gòkè lọ sí yàrá mi, mo da gbogbo aṣọ tèmi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kó hánga wọn lọ fún un.