Oníṣirò àti Bébà Alákàbà

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ka aláìsàn fún ọ́fíìsì ìlera. Oníṣirò là ń pè é, nílé àti níbi iṣẹ́. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ dírẹ́bà síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Tó bá ṣe àṣìṣe, òun ló máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, àádọ́ta èèyàn ló wọlé sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọgọ́rùn-ún. Ìkẹta, igba. Oníṣirò ya ìlà wọn sórí bébà tó ń pè ní alákàbà. Lórí bébà yìí, tí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn kan, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn: mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún. Ó ní ohun tó bá ń di ìlọ́po méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìlà rẹ̀ máa ń tọ́ gbọnrangandan níbẹ̀, èèyàn á sì rí ibi tó dorí kọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ọ́fíìsì wa wo bébà náà, ó mí kanlẹ̀. "Kò mà tíì gun àtẹ̀gùn kan tán! Ẹ kó àádọ́ta bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo ní wọ́ọ̀dù onígbáméjì yẹn padà sí sítọ́ọ̀."

Mo ti tò wọ́n sínú ọkọ̀ tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀.

"Pa á! Mo ní o pa ẹ́ńjìnnì yẹn!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá ló ní…"

"Ṣé ọ̀gá ló pọ̀n ẹ́ dàgbà ni?"

Àbúrò wa obìnrin ni nọ́ọ̀sì nínú wọ́ọ̀dù yẹn. "Èmi ni mo fà á," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mo gbé àkàbà fún ọ̀gá, mi ò sọ àtẹ̀gùn rẹ̀ padà di iye èèyàn."

Mo tẹ̀ lé e wọ yàrá ọ̀gá. Ó fa bébà ìkọ̀wé lásán yọ, ìlà kan fún èèyàn mẹ́wàá. Igba gba ogún ìlà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, irinwó: bébà tán, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ òmíràn mọ́ ọn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Oníṣirò, ṣé ògiri lẹ fẹ́ bò ni?"

"Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ̀rin, sà." Bébà kẹta rọ̀ sílẹ̀ létí tábìlì.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọ̀gá. "Bẹ́ẹ̀dì mélòó la ní?"

"Igba ó lé àádọ́ta, pẹ̀lú èyí tó wà nínú ọkọ̀."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá mi já wọn sílẹ̀. Mo ń gbàdúrà bí mo ṣe ń gbé wọn, kí Ọlọ́run ṣẹ́ ìlà náà. Mo gbà á gbọ́ o. Àmọ́ nínú ọkàn mi mo bi í pé, bébà wo ni Ìwọ fi ń wò wá? Mo tún gbé bẹ́ẹ̀dì mìíràn.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, irinwó dín mọ́kànlá ló dé. Lórí gbogbo àádọ́ta bẹ́ẹ̀dì yẹn, èèyàn wà. Àwọn tí bẹ́ẹ̀dì ò kárí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àbúrò wa sì ń rìn láàárín wọn.