Okùn Tó Wé Mọ́ Irin Alùpùpù

Bí òórùn bẹntiróòlù bá pàdé ti irin gbígbóná, àgbẹ̀dẹ bàbá mi ní Ìsẹ́yìn ni ó ń gbé mi padà sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akọ́dà kan ti alùpùpù òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wá. Irin méjì tó di táyà iwájú mú ti wọ́.

“Wọ́n ní ewúrẹ́ ló gbé òyìnbó ṣubú,” ló wí, ojú rẹ̀ ń wá inú àgbẹ̀dẹ kiri.

Bàbá yọ okùn kan lára irin náà, ó rọra jù ú síná, ó wò mí. Ó fi iná rọ irin náà, ó lù ú títí méjèèjì fi gún dọ́gba.

“Bàbá Àṣàkẹ́, àbúrò yín dà?” ni akọ́dà náà bi í.

“Ó lọ oko.”

Ọdún gorí ọdún kí n tó gbọ́ pé àbúrò Bàbá ló so okùn náà dábùú ọ̀nà. Lọ́sàn-án yẹn, mo kàn mọ̀ pé ó sá pamọ́, ó ń mí lẹ́yìn agbọ̀n èédú, àti pé bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ lójú mi.