Ìkòkò oníná mi àti wáàsí Màmá

Ìyá tó bí mi lọ́mọ ló dà mí lónìí!

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìkòkò oníná kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó máa ń rọra se oúnjẹ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lónìí ni mo kọ́kọ́ lò ó. Mo da ẹ̀wà sí i, mo ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo bẹ Màmá kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mo bá gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lọ pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu.

Mo dé nígbà tó kù díẹ̀ ká ṣínu. Mo ṣí ìkòkò. Ẹ̀wà le koko nínú omi tútù!

"Màmá, ta ló yọ wáyà ìkòkò mi?"

"Òjò ló ṣú. Ẹ̀rù àrá bà mí."

Òjò wo? Ní gbogbo Ìlá yìí, ẹ̀kán kan ò bọ́! Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wọn ló wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì mi, tí wáàsí ń lọ.

"Àrá ò wá ní ba rédíò yín jẹ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú ìyẹn. Àrá ò jẹ́ sún mọ́ ọn."

Màmá ò gbààwẹ̀ nítorí ọjọ́ ogbó, wọ́n ti jẹ iṣu tiwọn. Gààrí ni mo fi ṣínu.

Ẹ mọ ohun tí wáàsí náà dá lé? Ẹ̀san tó wà fún ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ lóúnjẹ!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí.