Omi Àlejò Tí Ọlọ́gbà Adìẹ Kọ̀

Nígbà tí adágún abúlé wa lọ́nà Alábàtà ṣì mọ́, ẹja inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èmi fúnra mi mú àrọ̀ kan níbẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ti baálẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi baálẹ̀. Omi yẹn náà la sì ń mu, a ò ní kànga.

Ni ọkùnrin kan bá ti Ìbarà wá, ó kọ́ ọgbà adìẹ sórí òkè. Gbogbo ìgbẹ́ adìẹ rẹ̀, àgbàrá ń wọ́ ọ wá sínú adágún. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà bí ewé. Èmi tí mo kàwé dé ìwé mẹ́ta, mo rò ó dáadáa: ohun tó ń mú àgbàdo sanra, ṣé kò ní mú ẹja sanra ni? Mo da ìdajì àpò fatiláísà mi sí i. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, “Bàbá Ẹja, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Kò pẹ́ tí omi fi ki bí ọbẹ̀ ilá àná. Ẹja kú, wọ́n yí ikùn sókè. Àwọn obìnrin wa ń rìn dé abúlé kejì kí wọ́n tó rí omi pọn. Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Wọn ò tíì rí ọlọ́gbà adìẹ ni.

A ránṣẹ́ sí i títí, kò dáhùn. Àfi ìgbà tó fẹ́ ra ilẹ̀ kún ilẹ̀ ló yọjú sí wa nílé baálẹ̀. Àlejò kì í wọlé wa kó má gba omi, nítorí náà mo bu omi adágún sínú igbá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

“Bàbá, kí lèyí?”

“Omi àlejò ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ fi adìẹ sè é.”

“Ẹ má ṣèyọnu, píọ́ wọ́tà wà nínú mọ́tò mi.”

Baálẹ̀ ní, “Ẹni tó kọ omi wa ti kọ ilẹ̀ wa. A ò tà.”

Ọkùnrin náà nàka sí mi. “Ṣebí láti orí òkè ni mo ti rí bàbá yìí náà tó da fatiláísà sí i!”

Ojú tì mí, àmọ́ ẹnu mi ò kú. “Mo dà á lẹ́ẹ̀kan, òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i lójoojúmọ́, kí la ó máa pè yín?”

Ó bínú lọ. Ilẹ̀ yẹn ló wù ú, ló fi padà wá gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ sí ẹ̀yìn òkè. Síbẹ̀ a ò tíì tà á fún un, torí omi náà kò tíì mọ́ tán dòní. Bí òjò bá ti ń ṣú, èmi a gbé àga lọ sẹ́nu àgbàrá, kí n fojú ara mi rí ohun tó ń ṣàn kọjá. Àwọn ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn l'Áké, pé mo ti dàgbà jù fún ìjà. Bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú báyìí o. Àga mi dà?