Práktíkà Abẹ́ Igi Ìbẹ́pẹ

N kì í mu ohunkóhun nínú ìgò tí wọn kò ṣí lójú mi. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í bi mí léèrè mọ́. Bí mo bá dé ibi ìnáwó tí wọ́n gbé ẹlẹ́rìndòdò fún mi, màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, màá wo ìdérí rẹ̀, lẹ́yìn náà màá ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Ohùn mi náà ńkọ́? Àwọn ènìyàn rò pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, ohùn tó há bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ò fi sílẹ̀ rí. Mo ní ohùn tẹ́lẹ̀. Èmi ni mò ń lé orin lówùúrọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa ní Oṣòdì, títí mo fi dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù.

Ìgbà náà, owó epo ló gbòde. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé owó wà, ó sì wà lóòótọ́, a ń rí i bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ wa. Katapílà ń hú ilẹ̀ Oṣòdì kí wọ́n lè la títì ńlá, eruku pupa rẹ̀ ń wọ kíláàsì wa, ó ń bà sórí ìwé. Ilé iṣẹ́ ń yọ ní Ìsọlọ̀ bí olú. Ṣùgbọ́n owó yẹn náà ló ń kó àwọn tíṣà wa lọ. Tíṣà Bàọ́lọ́jì ló kọ́kọ́ lọ, báńkì ló gbà á, nígbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Tírì. Wọn ò rí ẹlòmíì, wọ́n bá yọ Bàọ́lọ́jì kúrò nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa. Fíísíìsì ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa rí. Kẹ́mísìrì nìkan ló kù fún wa nínú sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, ó dúró síwájú wa, ó fi igi lu tábìlì.

"Ẹ gbọ́ o! Iṣẹ́ mẹ́fà ni ẹ gbọ́dọ̀ yege, ó kéré tán. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí o bá gba máàkì tó ga jù nínú Yorùbá, nínú Bíbélì, nínú Ìtàn, tí o ò ní sáyẹ́ǹsì, kí lo sè?"

Ó tún fi igi lu tábìlì.

"Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ lo sè! Wọn ò ní fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí. Wàá kó ìkòkò rẹ padà sílé."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ lọ, fọ́ọ̀mù wọn sì wà lábẹ́ àpótí mi nílé. Ohun tí ọ̀gá àgbà sọ yẹn gan-an ni wọ́n kọ sínú rẹ̀: ìwé ẹ̀rí, kí sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀.

Bàbá wa ti kú nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń tọ́ mi. Ó ti Ọ̀yọ́ wá sí Èkó ṣáájú wa, ó gba yàrá kan ní Ṣógúnlé, òun, ìyá wa àtèmi la jọ ń gbé ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ẹ̀lú títí dé ọrùn-ọwọ́, kò sí ọṣẹ tó ń bọ́ ọ. Kò lọ sílé ìwé rí. Nítorí ìyẹn ni kò ṣe pe orúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mú fọ́ọ̀mù yẹn wálé. "Nọ́ọ̀sì" ló ń pè mí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò na ọwọ́ aláró rẹ̀ sí mi, yóò ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò mí, kí ló ń ṣe mí?" Màá ní, "Ìdọ̀tí ni, Bọ̀dá mi." Ìyá wa á rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Orúkọ wa ti lọ fún ìdánwò, kò sí ẹni tó lè yí iṣẹ́ tó yàn padà mọ́, nígbà tí tíṣà Kẹ́mísìrì náà lọ. Ọjọ́ Mọ́ńdè kan la retí rẹ̀ tí a ò rí i. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ epo ló gbà á, wọ́n fún un ní ilé àti mọ́tò. Mi ò bínú sí i. Ta ni ì bá kọ̀? Ọ̀gá àgbà ní kí a máa ka ìwé tí tíṣà náà kọ fún wa, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá práktíkà pa kí nǹkan má baà sọnù níbẹ̀.

Práktíkà, ìdánwò tí a máa fọwọ́ ṣe, ló sì ń bà mí lẹ́rù. Nínú ìdánwò náà, wọn yóò gbé ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ọ tí wọ́n ń pè ní pípẹ́ẹ̀tì. Ẹnu lo máa fi fa oògùn olómi sínú rẹ̀ títí yóò fi kọjá ìlà kan, kí o sì sáré fi ìka dí i lókè kí ó má baà sọ̀ kalẹ̀. Èmi ò fi ẹnu kan pípẹ́ẹ̀tì rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tíṣà ṣe é lójú wa kó tó lọ. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní kí ó ṣe nǹkan kan sí i, mo kàn ń sọ ẹ̀dùn ọkàn mi ni.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó gbé ìgò kan jáde látinú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ìgò omi ọsàn ni, àwòrán ọsàn ṣì wà lára rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, mo bá ẹ rí i."

"Kí ni, Bọ̀dá mi?"

"Kọ́sítíìkì. Òun la fi ń fọ aṣọ kí ó tó gba aró. Ṣé òun náà kọ́ lo ní wọ́n máa gbé fún yín?"

"Òun ni."

"Ó máa ń jẹ ènìyàn o. Wò ó." Ó fi àpá kan hàn mí lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí aró ò lè mú mọ́. "Tiwa yóò le ju tilé ìwé yín lọ. Ẹ fi omi là á dáadáa."

"Omi tó báwo?"

Ó ronú díẹ̀. "Omi tó pọ̀," ó ní, ó sì lọ síbi iṣẹ́, nítorí wọ́n ń ṣe ófátáìmù.

Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì wá bá mi láti Èjìgbò. Òun nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mo ní nígbà náà, aláwàdà ni, kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ. Ẹ̀yìn ilé wa ni a lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, níbi tí igi ìbẹ́pẹ kan wà. A ò ní pípẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní àdúgbò wa tí kò mọ ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ihò wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun la fi ń fẹ́ ìfófòó ọṣẹ nígbà tí a wà ní kékeré. A gé méjì, a ṣan wọ́n, a fi ọ̀bẹ fá ìlà sára wọn.

Omi lásán la kọ́kọ́ lò. Ọ̀rẹ́ mi fà á, ó fi ìka dí i, omi náà dúró. Èmi náà fà á, ó dúró. A ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ wa fi mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí a dúró níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kọ́, a ti kọ́ ọ. Mo ti rò ó láìmọye ìgbà pé kò sí nǹkan kan tí kọ́sítíìkì yẹn fẹ́ kọ́ wa tí omi inú dúrọ́ọ̀mù ò tíì kọ́ wa.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi kọ́. Mo ní, "Omi kọ́ ni wọ́n máa gbé fún wa lọ́jọ́ náà."

"Ṣé ìwọ ò bẹ̀rù ni?"

"Nọ́ọ̀sì wo ló ń bẹ̀rù oògùn?"

A fi agolo mílíìkì wọn kọ́sítíìkì kan, a bu omi agolo méjì lé e, bí ẹni ń po ògì. Lójú wa, omi tó pọ̀ nìyẹn. Ó mọ́ lóló nínú abọ́, kò yàtọ̀ sí omi. Mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, mo fi ẹnu sí i. Pípẹ́ẹ̀tì gidi ní ikùn láàárín tí ń dá omi dúró díẹ̀. Ọ̀pá ìbẹ́pẹ ò ní ikùn, tààrà ni. Mo ń fà á jẹ́jẹ́, ojú mi wà lára ìlà, ni ọ̀rẹ́ mi bá na ọrùn, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fi ohùn ọ̀gá àgbà gan-an pariwo pé:

"Ẹ gbọ́ o! Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀!"

Ẹ̀rín pa mí. Ẹni tí ọ̀pá wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, yóò kọ́kọ́ fa èémí sínú. Mo fà á.

Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe rí. Ó kọ́kọ́ yọ̀ bí ọṣẹ, lẹ́yìn náà ló di iná. Ọ̀rẹ́ mi rò pé mò ń ṣeré, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wó lulẹ̀. Ìyá mi sáré jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Àwọn ayálégbé jáde, ẹnì kan ń pariwo pé, "Epo! Ẹ fún un lépo!" Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé májèlé mì, epo pupa là ń rọ fún un kí ó lè bì í jáde. Ìyá mi rọ ọ́ fún mi. Mo sì bì.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan kígbe mọ́ ìyá mi: "Ta ló ní kẹ́ ẹ fún un lépo? Ohun tó jó o bó ṣe ń wọlé, ẹ tún jẹ́ kó jó o bó ṣe ń jáde!"

Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, epo kì í pa ènìyàn." Ohun tó ń sọ ṣáá nìyẹn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan rẹ̀ kí n má baà rí wọn. "Mo ní kẹ́ ẹ fi omi là á," ó ní. Mi ò lè fọhùn. Mo gba bírò lọ́wọ́ ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí oògùn pé: "Ẹjọ́ yín kọ́." Mo nà án sí i. Ó wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó. Ìgbà náà ni mo rántí pé kò mọ̀wé. Ó ká páálí náà, ó fi í sápò, kò sì bi mí ní ohun tó wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Nọ́ọ̀sì mọ́. Nígbà tí mo padà sílé, igi ìbẹ́pẹ ti di kùkùté.

Mo mu ògì títí ìdánwò fi dé. Mo lọ. Mo kọ Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ Yorùbá, mo kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ práktíkà, wọ́n ti yá ohun èlò láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì. Olùdánwò ní kí a bẹ̀rẹ̀. Mo gbé pípẹ́ẹ̀tì. Gíláàsì náà tutù. Mo gbé e dé ètè, ọ̀fun mi sì pa dé, bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e. Ọ̀rẹ́ mi wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ti fa tirẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi nísàlẹ̀ tábìlì pé kí n gbé tèmi wá, kí òun bá mi fà á. Mo mi orí. Bí wọ́n bá mú wa, àwa méjèèjì ni wọn yóò lé. Mo fi ojú díwọ̀n, mo ń da oògùn náà bí ẹni ń da kẹrosíìnì, mo sì kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí èyí tó bá èkejì mu.

Nígbà tí èsì jáde, mo yege iṣẹ́ méje. Kẹ́mísìrì ni mo fìdí rẹmi. Ọ̀gá àgbà wo èsì mi pẹ́. Ó ní, "Ọbẹ̀ rẹ…", kò sì parí rẹ̀. Wọ́n fún mi ní bébà pélébé tó to àwọn ohun tí mo yege sílẹ̀. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì dá fọ́ọ̀mù mi padà. Ọ̀rẹ́ mi gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, kò sì wá sílé wa mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun lè sanwó kí n tún un ṣe. Mo ní rárá. Kò sí ọdún tí kò bi mí, títí mo fi lọ́kọ. Mi ò sọ fún un pé ìwé kíkà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọsibítù kan gbà mí síbi tí wọ́n ti ń kọ káàdì. Ibẹ̀ ni mo wà títí di òní. Màmá Káàdì ni wọ́n ń pè mí. Lọ́dún tó kọjá, mo mú káàdì kan lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo sì rí ọmọbìnrin kan tó ń fi pípẹ́ẹ̀tì fa oògùn. Kò fi ẹnu kàn án. Bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan wà lórí rẹ̀, ó fún un, ó tú u sílẹ̀, oògùn náà gòkè wá fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

"Òun la fi ń fà á, Màmá Káàdì. Ta ló tún ń fẹnu fa nǹkan?"

Ó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Kò tóbi ju ẹyin lọ.

Nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́, mo gba Ṣógúnlé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn tì, ó jókòó síwájú ilé. Aró ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, àpá yẹn ló kù. Mi ò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rọ́bà náà fún un. Mo kàn ní, "Bọ̀dá mi, ẹ rántí páálí tí mo fún yín ní ọsibítù nígbà yẹn? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹjọ́ yín kọ́."

Ó wo ojú títì. Ó ní, "Mo mọ̀. Akọ̀wé ibi iṣẹ́ wa kà á fún mi ní ọjọ́ kejì."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Mi ò gbà á gbọ́ ni," ó ní, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín itan.